Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Lọ Sókè Òkun Lójoojúmọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kì í, torí ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ láìkì í, kò mọ ìwà hù. Àgbà Ọ̀mọ̀wé! Ajẹ-ìdágbére-má-gbéra! Arìnrìn-àjò tí bàtà rẹ̀ kì í jẹ! Ọmọ "mo ti ń lọ," tí a tún rí lọ́jọ́ kejì nídìí àwo ìrẹsì!

Àwa ọmọ ọdún kìíní la sọ ọ́ ní Àgbà Ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ìyẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó ku díẹ̀ kó gboyè jáde, ó sì ti ń rìn bí ẹni tí oyè ọ̀hún ti wúwo lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kí i lójú ọ̀nà, kò ní í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò dúró, yóò tún táì rẹ̀ ṣe, yóò gbójú sókè bí ẹni pé òfuurufú ni wọ́n kọ ìdáhùn sí, kó tó wá sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ náà, ẹ̀yin ọmọdé." Táì kan ṣoṣo ló ní. Àmọ́ bó ti ń so ó lónìí, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò so ó lọ́la, àwa òmùgọ̀ sì rò pé ó ní púpọ̀.

Nígbà tí sáà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ń lọ sókè òkun. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń retí òun, wọn ò tilẹ̀ fẹ́ kóun dúró de ayẹyẹ ìgboyè.

"Ìwé ẹ̀rí á máa tẹ̀lé mi bọ̀ lẹ́yìn," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Ìmọ̀ inú orí mi ni wọ́n ń kánjú gbà."

Ta ló máa wá jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ láìfi nǹkan sẹ́nu? Ẹgbẹ́ akọrin ṣe ìdágbére fún un, wọ́n fún un ní kóòtù òtútù tó nípọn bíi tìmùtìmù. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe tiwọn, wọ́n ra bàtà fún un, bẹ́ẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń dúró sí, tí á máa bú ẹni tó bá gbá a nù. Àwọn ará yàrá òkè gbé e jáde lọ jẹun. Àwọn ará yàrá ìsàlẹ̀ gbọ́, ojú tì wọ́n, àwọn náà gbé e jáde. Ọjọ́ ìrìn àjò ń yẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ọjọ́ oúnjẹ ò yẹ̀ rí.

Nígbà tó kan àwa, Ìyá Kíláàsì ló ṣètò rẹ̀. Ìyá Kíláàsì ni ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wa. Ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn. Ó kó wa sẹ́yìn, a gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa jẹ?"

"Háà, àbúrò, ta ló lè jẹun? Ìbànújẹ́ pé mò ń fi yín sílẹ̀ ti kún inú mi dẹ́nu."

"Ẹ gbìyànjú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa, torí tiyín ni o. Kí wọ́n bu ìrẹsì wá. Kí wọ́n má jẹ́ kí adìẹ dá nìkan wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi èkejì tì í."

Ìbànújẹ́ jẹ àwo mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Bó ti ń nu ojú ló ń nu àwo. Èmi tí mo jókòó tì í ṣíjú wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan báyìí, ìgbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, ẹran tèmi náà ti dágbére.

Nígbà tó yó, ó dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń ba òun lẹ́rù nípa ìrìn àjò náà. "Ìfẹ́ yín ni! Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ìfẹ́ yín lè mú kí n máa pariwo pé kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà fún mi o!"

Àwọn kan nínú wa sunkún. Ẹnì kan wá bi í bí a ó ti ṣe ìdánwò ìṣirò wa, torí ìdánwò ọ̀hún kò jẹ́ kí a sùn.

"Ìṣirò?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń pè ní ìdánwò? Nígbà tí mo kọ ọ́ lọ́dún kìíní, olùkọ́ gan-an ló dìde fún mi. Ẹ wo ọwọ́ yìí. Ẹni tó bá bọ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kó lọ máa sùn. Ó ti yege."

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa ò mọ̀ nígbà náà fún yín, kẹ́ ẹ lè máa fi ẹ̀rín tẹ̀ lé mi bọ̀. Àgbà Ọ̀mọ̀wé kò yege rí nínú ìṣirò ọdún kìíní. Lọ́dọọdún ló ń tún un kọ, lọ́dọọdún ló ń já a kulẹ̀. Ìdánwò náà nìkan ló dúró láàárín òun àti oyè. Bí ti ọ̀tẹ̀ yìí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọdún kan gbáko ló tún máa lò sí i, ìyá rẹ̀ sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń bọ̀ wálé. Òkè òkun kankan ò sí níbẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ.

Ọgbọ́n tó dá nìyí. Àwọn tó ń tún ìdánwò kọ, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni wọ́n máa ń kó wọn sí, níbi tí ojú wa ò ní í tó wọn. Ó wá fi ọjọ́ ìdánwò gan-an ṣe ọjọ́ ìrìn àjò, torí ó rò ó pé kò sí ẹni tó máa pa ìwé dé láàárọ̀ ìdánwò kó wá sin ẹlòmíì sọ́nà. Yóò tilẹ̀kùn mọ́rí, yóò yọ́ lọ kọ tirẹ̀ lọ́sàn-án, yóò sì gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé lọ sílé. Ọgbọ́n náà dáa. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó sọ nílé oúnjẹ ni kò dáa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, gbogbo ọmọ ọdún kìíní pátá tò sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ṣebí ó ní ẹni tó bá bọ òun lọ́wọ́ ti yege?

Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn. Ó rí wa, ó tún un tì. Ìgbà tó máa fi jáde padà, kóòtù òtútù ti wà lọ́rùn rẹ̀, táì ti wà lórí kóòtù, àpótí sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ lọ kàwé!"

"A ò kàwé mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ la wá bọ̀."

Ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí apá fi ń ro ó. "Ó tó. Ó dàbọ̀ o. Ẹ máa lọ."

"Ká máa lọ kẹ̀?" Ìyá Kíláàsì ló fèsì. "Ṣé a máa wá jẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ sí gáréèjì bí ẹni tí ò lẹ́nìkan ni? A máa sìn yín títí ọkọ̀ á fi gbéra."

A gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé e rọra gbé e sókè sódò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yín mà fúyẹ́ o."

"Ìmọ̀ ni, àbúrò. Ìmọ̀ kì í wúwo."

Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, àwọn àbúrò ni yóò bá a ru àpótí rẹ̀ dé gáréèjì.

Ní gáréèjì, a ti sanwó fún un nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú tí pápákọ̀ òfuurufú wà. Inú ọkọ̀ ṣì ṣófo, ojú Àgbà Ọ̀mọ̀wé sì wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Èyí máa pẹ́ kó tó kún. Ẹ máa lọ, ìdánwò ń dúró dè yín." Kò tíì pa ẹnu dé tí ìdílé kan fi ya dé, tọkọ, taya, tọmọ, tìyá ọkọ, tìyá ìyàwó, ni ọkọ̀ bá kún.

Ìyá Kíláàsì fa awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀gbọ́n wa. Ìfẹ́ wa máa ń dà á láàmú. Ó lè ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Ẹ má dá a lóhùn o."

"Fi sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

Ọkọ̀ gbéra. A juwọ́, a kọrin, a tún juwọ́. Omi ń bọ́ lójú Àgbà Ọ̀mọ̀wé láti ojú fèrèsé, òógùn sì ń bọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sunkún òtítọ́ níbi ìdágbére.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà fún wa nígbà tó yá, ó sì ń di ìhà mú bó ti ń sọ ọ́.

"Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀."

"Fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ ni. Á lọ."

"Kì í ṣe ìfẹ́! Mo ní nǹkan pàtàkì tí mo fẹ́ ṣe nílé ẹ̀kọ́!"

"Bí wọ́n ṣe ní wàá wí gan-an nìyẹn."

Ìyá ọkọ nawọ́ súìtì sí i, ó ní kó máa lá a, kó má sunkún mọ́. Ìyá ìyàwó ń fi etí aṣọ fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ń sáré, ilé ẹ̀kọ́ ń jìnnà, ọdún kan gbáko ń bọ̀ wá bá a. Ó dìde lójijì, ó forí gbá òrùlé ọkọ̀.

"Ìdánwò ni! Ìṣirò ọdún kìíní! Mo ti féèlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Mi ò lọ sókè òkun kankan!"

Ni ẹ̀rín bá bú nínú ọkọ̀, tí awakọ̀ fi fẹ́ẹ̀ fọwọ́ sílẹ̀ lára ìtọ́kọ̀.

"Sọ ọmọ náà kalẹ̀," ìyá ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀, "kó má baà di ẹ̀ẹ̀kẹrin."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tòun ti àpótí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń padà bọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àpò ìyẹ̀fun, orí àpò ló sì jókòó sí. Ó sáré lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó bá àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Òrùlé yàrá náà ń jò, wọ́n sì ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ìṣirò kọ, àti tuntun àti àtijọ́, jọ kọ ọ́ pa pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá.

Wọ́n ti pín ìbéèrè fún wa, olùkọ́ ìṣirò sì ti di ilẹ̀kùn mú láti tì í. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Ni nǹkan funfun kan bá gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé.

"Ta nìyẹn?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mà."

"Ìwọ náà tún nìyí?" Olùkọ́ nu ìyẹ̀fun kúrò níwájú orí rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. "Mo rò pé èṣí la ti parí ìjà. Àpótí kì í wọ ibi ìdánwò. Ṣí i."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o ṣí i."

Ó ṣí i. Ìrọ̀rí méjì ló wà nínú rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn.

"Gbé e sí ìta. Lọ jókòó."

Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, iwájú pátápátá ló sì wà. Ó ní láti gba àárín wa kọjá, pẹ̀lú kóòtù òtútù, pẹ̀lú táì, kí ìyẹ̀fun máa bọ́ lára rẹ̀ sí orí ìwé wa. Kí ọkàn yín balẹ̀, ó yege nígbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ sì rí i gboyè. Díẹ̀ báyìí ló fi bọ́. Àmọ́ ìdánwò orí ìwé rọrùn fún un ju ìrìn àárín àga yẹn lọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A di ètè mú, a di inú mú. Ẹlòmíì ti ki aṣọ bọ ẹnu. Bóyá à bá sì rí i pa mọ́ra, ká ní Ìyá Kíláàsì kì í ṣe ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Kò lè rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ti ìrìn àjò dé kó panu mọ́. Ó dìde dúró wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀ o."

Gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ìrìn! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Àwọn ará òkè òkun ńkọ́?"

Olùkọ́ ń lu tábìlì, a ò gbọ́. Àgbà Ọ̀mọ̀wé dúró láàárín wa, ó funfun kalẹ̀. Ó ya ẹnu láti bú wa, ó tún un pa dé. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ẹni tí wọ́n bá kí gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Ẹ kú ilé," ló wí.