Jẹ́sì Akọni Tí Àwọn Ológbò Ń Ṣọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wù akọni, kó kọ́kọ́ gbóòórùn abíyá rẹ̀?

Táyélolú ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọ̀jẹ́lábí ní ìlú Òkè-Àgbàrá. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ tí ìlú gba ife ẹ̀yẹ. Ọ̀jẹ́lábí ti fi alùpùpù rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ jẹ́sì ọjọ́ náà, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ti ṣèlérí pé bí Táyélolú bá jẹ́rìí sí jẹ́sì náà, Ọ̀jẹ́lábí ni yóò gba ipò òun.

Àwọn ológbò jókòó sábẹ́ jẹ́sì náà, wọ́n gbójú sókè bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

"Ìwọ lo ni wọ́n?" Bàbá Alága, tó bá Táyélolú wá, béèrè.

"Rárá, Bàbá. Ọjọ́ tí mo gbé e kọ́ ni wọ́n dé. Ẹranko pàápàá mọ akọni."

Ẹ ò rí ọgbọ́n.

Táyélolú wo jẹ́sì, ó wo ológbò. "Ọwọ́ ta lẹ ti gbà á?"

"Ọwọ́ yín ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ gun alùpùpù mi lọ."

"Èmi ò mọ alùpùpù gùn. Ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé nìyẹn. Ìbejì ni wá. Ṣé ó ní òun ni Táyélolú?"

"N kò bi í. Ta ní í bi akọni lórúkọ? Ó kàn ní jẹ́sì òun nìyí."

"Kò purọ́. Ìyá wa kì í rán aṣọ fún ọ̀kan kó má rán fún èkejì. Bí wọ́n ṣe fún mi ní jẹ́sì, ó ní kí télọ̀ rán irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Jẹ́sì yẹn ló ń wọ̀ ta ẹja pánla títí di oṣù tó kọjá."

"Tiyín wá ńkọ́?"

"Ìyàwó mi fi ń nu fèrèsé."

Ọ̀jẹ́lábí ò gbà. Ó gbé férémù gíláàsì náà kalẹ̀, ó yọ jẹ́sì jáde. "Bàbá, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Òógùn akọni ni."

Àwọn ológbò ò jẹ́ kí Bàbá gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fa jẹ́sì náà ya, wọ́n wọ́ ọ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Apá kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Ọ̀jẹ́lábí. Bàbá Alága gbé abíyá apá jẹ́sì náà símú, ó sín.

"Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wù akọni," ó ní, "kó kọ́kọ́ gbóòórùn abíyá rẹ̀."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.