Kókó Tí Ọwọ́-Wúrà So Sínú Ọkàn

Kò sí ẹni tó sọ dókítà yìí ní Ọwọ́-Wúrà. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rán ẹni tó bá gbàgbé létí. Ó tún fi Amọ̀nà-Ọkàn-Bí-Ìyẹ̀wù kún un. Bó bá fọ ọwọ́ tán, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó bí ìyàwó tuntun.

Ipò olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn ṣófo. Ẹni méjì ló ń dù ú: Ọwọ́-Wúrà, àti dókítà obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ni Ọwọ́-Wúrà bá pe ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kí wọ́n wá wo bí òun yóò ṣe ti rọ́bà tín-ínrín tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láti iṣan ọrùn aláìsàn, gba inú ọkàn, dé ẹ̀dọ̀fóró, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Ìyá Aránṣọ ni aláìsàn náà. Dókítà obìnrin ti sọ pé àwòrán ọkàn rẹ̀ tí wọ́n yà ti tó, kò nílò rọ́bà kankan. Ọwọ́-Wúrà ní dandan ni.

Ọjọ́ pé. Ìgbìmọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn aláìsàn mẹ́fà tó ń dúró de Ọwọ́-Wúrà ń yọjú láti ẹ̀yìn gíláàsì. Wọ́n ti gún ìyá náà ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ọrùn dùn ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ náà sì là.

Rọ́bà náà ní àmì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì àgbà ní í ka àmì, tí í sì í wo ìlà tó ń jó lójú ẹ̀rọ láti mọ yàrá ọkàn tí rọ́bà dé. Bí rọ́bà bá ń wọlé tí ìlà kò yí padà, òfin ni pé kí a fà á sẹ́yìn.

"Ọgbọ̀n," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ti wọ yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn."

"Mo mọ̀. Àdúgbò mi ni."

"Ogójì. Ìlà ò yí padà, sà."

"Ojú ló ń tì í. Àlejò pọ̀."

"Àádọ́ta. Ẹ fà á sẹ́yìn, sà! Ó ń ká jọ síbẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, nọ́ọ̀sì!"

"Ọgọ́ta!"

Ẹ̀rọ figbe ta.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Aránṣọ wí, "ta ló ń sáré nínú àyà mi?"

"Ayọ̀ ni, màmá. Ọkàn yín ti mọ ọ̀gá rẹ̀."

Òógùn bo Amọ̀nà-Ọkàn. Ó fa rọ́bà. Kò wá. Ó tún fà á. Ọrùn ìyá náà bá a wá.

"Dókítà, ọrùn mi nìyẹn o, kì í ṣe okùn kànga!"

"Ṣé ó ti parí?" ni alága ìgbìmọ̀ bèèrè.

"Ó ti parí, sà. Ó kàn ń sinmi ni."

Dókítà obìnrin sáré wọlé. "Ẹ má fà á mọ́! Ẹ máa fa ọkàn wọn ya."

Wọ́n ya àwòrán, wọ́n gbé e sójú ẹ̀rọ ńlá. Rọ́bà ti ká, ó ti gba inú ara rẹ̀ kọjá, ó ti so pinpin.

"Ọ̀nà tuntun ni," ni Ọwọ́-Wúrà wí. "Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀."

Ìyá Aránṣọ yí ojú síbẹ̀. "Kókó ni, ọmọ mi. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Ta ló bẹ̀ ọ́ kí o so ó sí mi láyà?"

"Dókítà," ni alága wí, "ṣé ẹ lè tú u?"

Ọwọ́-Wúrà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Títú kì í ṣe ẹ̀ka tèmi, sà."

Dókítà obìnrin ti wáyà tín-ínrín gba inú iṣan itan wọlé, ó fi kọ́ kókó náà, ó sì fi wákàtí méjì gbáko tú u wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí rọ́bà jáde, ọkàn ìyá náà rọlẹ̀. Alága dìde, ó bọ dókítà obìnrin lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Olórí Ẹ̀ka."

Ọwọ́-Wúrà yọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn aláìsàn rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gbé àga wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà dókítà obìnrin.

"Ta ló kàn?" ni ó bèèrè.

Bàbá arúgbó kan nínú wọn ló dá a lóhùn:

"Ẹ má bínú, dókítà. Ọkàn kan ṣoṣo ni mo ní."