Ọjọ́ tí Mo Tú Kásẹ́ẹ̀tì Alhájì

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, mo fẹ́ ni o, mo kọ̀ ni o. Ọjọ́ Sátidé ni, nílé àna mi ní Bẹ́yẹrúnká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì di àna mi nígbà náà. Díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu ara mi lé ìyàwó lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Àwọn ẹlòmíràn ń kó bàtà jọ, àwọn kan ń kó aago. Èmi, géèmù àtijọ́ ni mo ń kó jọ, àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì gàdàgbà tí a máa ń kì bọ inú ẹ̀rọ nígbà tí a wà ní kékeré, tí a óò fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí kó tó ṣiṣẹ́. Yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì kún fún un débi pé ìyá mi gbà pé àìsàn kan ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ nínú wọn ju ojúlówó lọ, torí náà mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Mo máa ń wo bébà tó wà lára rẹ̀, mo máa ń gbé e wò bóyá ó wúwo, mo sì máa ń tú u láti wo inú. Bí òjé tí wọ́n yọ́ sí i nínú láti fi lẹ wáyà mọ́ra bá ti rí wúruwùru, ayédèrú ni, kò sí àríyànjiyàn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Èkó àti Ìlọrin pé kí n bá wọn wò ó. Orí mi wú. Mo gbà pé kò sí ohun tó lè pamọ́ fún ojú mi láyé yìí.

Kúdí, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, kìlọ̀ fún mi kí a tó lọ kí bàbá rẹ̀.

"Tó o bá ti débẹ̀, dọ̀bálẹ̀, jókòó, jẹun. Má sọ̀rọ̀ jù. Bàbá mi kì í tètè fẹ́ràn èèyàn."

"Ṣé èmi náà máa ń sọ̀rọ̀ jù ni?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. A gun ọ̀kadà láti Bẹẹrẹ, ó ṣì ń wò mí.

Alhájì, bàbá Kúdí, jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, àbúrò wọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tẹ́lọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, mo rọra jẹ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, mo sì gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ títí Alhájì fi béèrè ohun tí mo máa ń ṣe tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn. Bàbá Tẹ́lọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Géèmù? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yẹn?"

Kúdí fẹ́ gbà mí sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òun làwọn èèyàn ń bi tí wọn ò bá mọ̀ bóyá orígínà ni."

Alhájì dìde, wọ́n wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n máa jáde, agolo mílíìkì kan ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fa nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé jáde nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú aṣọ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde. Géèmù ọkọ̀ òfuurufú kan ni, èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mi ò rí rí àfi nínú fọ́tò.

"Ìgbà tí mo lọ Hájì ni mo rà á bọ̀ fún àwọn ọmọ," ni Alhájì wí. "Bá mi wò ó. Orígínà ni àbí féèkì?"

Ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á ní, "Alhájì, ohun tó bá ti Mẹ́kà bọ̀, ojúlówó ni." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi kọ́. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo fa sukudiráfà kékeré yọ. Ẹ bá mi wò ó o: ta ló ń mú sukudiráfà lọ kí àna? Kúdí ṣẹ́jú sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Sukúrù àkọ́kọ́ fò, ó yí lọ sábẹ́ àga Bàbá Tẹ́lọ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, màá wá a tó bá yá. Mo ṣí kásẹ́ẹ̀tì náà. Háà! Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Òjé dì jọ gbúngbùngbún káàkiri. Wáyà pupa kan gba ibí kọjá sí ọ̀hún. Bátìrì méjì ni wọ́n fi téèpù dúdú so síbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà.

"Alhájì, ẹ má bínú o, wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ayédèrú ni. Ẹ tiẹ̀ wo bí wọ́n ṣe yọ́ òjé yìí! Ẹni tó ṣe èyí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá. Bàtà ló yẹ kó máa rán."

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé ìmọ̀ mi ló jọ wọ́n lójú, ni mo bá tẹ̀ síwájú. "Ẹ wo wáyà yìí náà. Kò wúlò fún nǹkan kan." Mo fi ìka méjì dì í mú, mo fà á.

"Má fà á!"

Mi ò mọ̀ pé ohùn Alhájì lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. Wáyà ti já sí mi lọ́wọ́. Bàbá Tẹ́lọ̀ dìde dúró. Kúdí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe.

Bàbá Tẹ́lọ̀ ló là mí lóye. "Alhájì fúnra wọn ló yọ́ òjé yẹn. Iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ṣe jẹun. Kò sí rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí tí ọwọ́ wọn ò kàn rí."

Kúdí mà ti sọ fún mi rí pé rédíò ni bàbá òun ń tún ṣe! Ìgbà tó ń sọ ọ́, géèmù ni mo ń wò lórí fóònù.

Alhájì gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi. Ohùn wọn ti wálẹ̀, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. "Ìyá Kúdí máa ń gbá géèmù yìí. Tó bá ti Ọjà'ba dé nírọ̀lẹ́, á jókòó ti àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó lè borí rẹ̀. Géèmù yìí máa ń to orúkọ àwọn tó bá gbá a dáadáa, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn tó kú, mo rí i pé bátìrì inú ẹ̀ fẹ́ kú. Tíyẹn bá kú, orúkọ yẹn á pa rẹ́. Mo wá fi wáyà so òmíràn mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ìdí tí ò fi dùn ún wò nìyẹn."

Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá kó wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ìyá Kúdí ti kú tipẹ́. Mi ò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ohun tí mo ń bú. Mo sáré dọ̀bálẹ̀, mo gbàgbé abọ́ ìrẹsì tó wà lẹ́sẹ̀ mi, àyà ni mo fi lé e. Ọbẹ̀ kun bùbá funfun mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alhájì ní kí Kúdí gbé ẹ̀rọ géèmù àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wá. Èmi, pẹ̀lú ọbẹ̀ láyà, mo rá pálá lọ wá sukúrù lábẹ́ àga Bàbá Tẹ́lọ̀. Alhájì dè é, wọ́n kì í bọ ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mo ń ka. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Kúdí tẹ bọ́tìnnì kan, orúkọ tò wálẹ̀. Orúkọ Bàbá Tẹ́lọ̀ tó ń fi irùngbọ̀n mi ṣe yẹ̀yẹ́ wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. Lókè téńté, IYAKUDI. Bátìrì kan tí wáyà rẹ̀ ò já ti dá a gbé ró.

Kúdí bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Alhájì nu ojú wọn, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ẹni tó ṣe é ò níṣẹ́ lọ́wọ́, àbí?"

"Alhájì, ẹ ṣàánú mi."

"Máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìwọ lo máa so wáyà yẹn padà."

Sátidé mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé, ọwọ́ mi jóná títí. Nígbà tí mo so wáyà náà tán, tèmi burú ju ti Alhájì lọ. Bàbá Tẹ́lọ̀ gbé jígí wọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Bàtà ló yẹ kí èyí máa rán." Alhájì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n lọ pe àwọn ẹbí mi wá.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, kí n tó sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn.

Tí a bá lọ ṣọdún Iléyá nílé Alhájì, wọ́n máa ń gbà kí n gbá géèmù náà, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní borí orúkọ tó wà lókè yẹn láéláé. Kò sí ìlérí tó rọrùn fún mi láti mú ṣẹ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò tíì dé ìdajì máàkì tí ìyá Kúdí gbà, ẹ̀rín sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó mi.