Kílò Mélòó Ni Ohùn Sìdíkù?

Ní ọdún tí ìjọba Rẹfolúṣọ̀n ní ká má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá mọ́, pé kamarádì ni gbogbo wa, wọ́n fi Gaston, tó ń wọn òwú ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Idigny, ṣe délégè, aṣojú ìjọba, fún ẹgbẹ́ olórin àwọn ọ̀dọ́. Gaston kò mọ orin, kò mọ ijó, ìwé àti bírò ló mọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó há ìwé rẹ̀ mọ́ abíyá, ó gba ilé Màmá Ṣàkírátù lọ. Sìdíkù, ọmọ-ọmọ ìyá náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń lé orin ẹgbẹ́. Ọmọ náà wà nílé ìwé. Màmá wà lágbàlá, ó ń gúnyán.

"Ehuzu," ni Gaston wí, ó na ìkúùkù sókè.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé ti yí, "Dandan" sì ni ìjọba ní kí aráàlú máa fi dáhùn. Màmá kò dáwọ́ iyán dúró.

"Ẹ káàsán là ń kí àgbà nílé tiwa," ni ó wí. "Ta ló bá ọ jà tí o fi dìkúùkù wọlé mi, ọmọ Clémence?"

Gaston sọ ìkúùkù kalẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí eruku kan òun lórúnkún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ìdíje orin ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ará Kétu pé kò sí ohùn tó dà bí ti Sìdíkù, láti Okpomèta títí dé Kpankou. Bí ẹgbẹ́ òun bá borí, òun ni yóò kó wọn lọ sí Kútọnu. Ó ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá le. Ọmọ yín ti wọn ogójì kílò ààbọ̀."

"Ọmọ mi lo ń wọ̀n?"

"Lórí ìwọ̀n òwú. Gbogbo Ọjọ́ Ajé ni mo ń gbé e sórí rẹ̀. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kílò márùndínlógójì ni. Lóṣù tó kọjá, méjìdínlógójì. Kamarádì Màmá, kí lẹ ń fún un?"

"Oúnjẹ."

Gaston ṣí ìwé. Dókítà kan ló bá wọn sọ̀rọ̀ nípàdé kan ní Àjàṣẹ́, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kà á bí ìmáàmù tó ń ka wáàsí.

"Ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ bá tètè wúwo, ó sábà máa ń tètè bàlágà. Ohùn á fọ́, á wá ki, irun á hù. Èyí tó bá pẹ́lẹ́ńgẹ́, tirẹ̀ á pẹ́."

"Àjàṣẹ́ lo lọ kí o tó gbọ́ ìyẹn?" Màmá bu omi díẹ̀ sínú odó. "Òbúkọ tó bá jẹun kánú ló ń kọ́kọ́ rùn. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Babalọlá ọmọ mi sanra, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá tó ti ń dún bí ọkọ̀ akẹ́rù. Àlíù, bàbá Sìdíkù, gbẹ bí ìgbálẹ̀, ó di mẹ́rìndínlógún kí tirẹ̀ tó yí. Mi ò wọn ìkankan nínú wọn."

Inú Gaston dùn. Ó rò pé ìyá ti gbà. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà kò dárúkọ kílò kankan. Gaston fúnra rẹ̀ ló fa ìlà sí ogójì, torí ẹni tó ń wọn òwú kò gbà pé nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀ láyé láìní nọ́ńbà. Lójú tirẹ̀, ohùn ọmọ tó ti kọjá ogójì dà bí àgbá omi tó kún, tó fẹ́ dà sílẹ̀.

"Ẹ rí i báyìí," ni ó wí. "Láti òní lọ, kò sí iyán, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹran. Ògì tó ṣàn láàárọ̀. Gàrí àti omi lálẹ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di Àbámẹ́ta. Bí a bá borí, títí di Kútọnu."

"Bí ẹ bá borí ní Kútọnu ńkọ́?"

"Wọ́n lè rán wa lọ sí Kúbà."

"Ìwọ ló máa dé Kúbà. Ikú ló máa bá òun lọ́nà."

Gaston ní kò yé ìyá. Ó ní ìwúwo ló ń fọ́ ohùn.

"Ṣé orí ohùn lọmọ ń jókòó lé?" Màmá gbá ọmọ odó mọ́lẹ̀. "Gaston, nínú àpò òwú kọ̀ọ̀kan wa, kílò mẹ́ta lo ń yọ, o ní ìwúwo àpò ni. Yọ mẹ́ta lára Sìdíkù náà. Kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn. Ó di mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀, ohùn rẹ̀ bọ̀ sípò."

Gaston pa ìwé rẹ̀ dé. Kò sí ẹni tó ta òwú ní abúlé yẹn tí kò mọ ọ̀rọ̀ kílò mẹ́ta. Ó gun orí ẹṣin ìjọba.

"Màmá, ẹni tó bá ba ohùn àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, ọ̀tá Rẹfolúṣọ̀n ni. Mo lè kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí Kétu."

"Kọ ọ́ pé ìyá arúgbó kan gún iyán fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Má gbàgbé ọbẹ̀. Ẹ̀gúsí ni."

Ẹ̀rù ba Gaston wàyí. Ẹnu rẹ̀ ló ti kó bá a, ó sì mọ̀. Bí ohùn Sìdíkù bá fọ́ níwájú gbogbo Kétu, abẹ́ ìwọ̀n òwú ni yóò padà sí, pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀. Ó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bẹ ìyá. Ó ní kí Màmá rántí ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí àwọn àlejò láti Kétu wá wo ẹgbẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn ń nu omijé.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn lánàá? Kò tíì fọ́ rárá. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn láàárọ̀ yìí, mo ní ohùn ọ̀dọ́ tuntun nìyí, tí àbùkù ayé àtijọ́ kò sí lára rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ló kù, Ìyá."

Màmá dáwọ́ dúró fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Níbo lo jókòó lánàá?"

"Níwájú, pẹ̀lú àwọn àlejò."

"Sìdíkù ńkọ́?"

"Ó dúró ti ẹní tí a ta sẹ́yìn ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ."

"Ta ló wà lẹ́yìn ẹní?"

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú aṣọ wọn."

Màmá wò ó títí Gaston fi gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

"Ohùn Sìdíkù ti fọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn," ni ìyá wí. "Bó bá kí mi láàárọ̀, mo máa ń rò pé àna mi kan ló wọlé. Ọmọ náà sunkún, ó ní o máa lé òun kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo ní kó má sọ̀rọ̀ níwájú rẹ, kó máa la ẹnu, kó máa ju ọwọ́. Èmi ni mo kọrin."

Gaston jókòó sílẹ̀, kò rántí eruku mọ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Màmá Ṣàkírátù. Lẹ́tà Gaston sì ti lọ sí Kétu pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀.

"Ìyá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín ju ti ọmọdé lọ, "ẹ ó bá wa kọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Màá kọ ọ́." Màmá na ọmọ odó sí i. "Àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ká má tíì dárúkọ orin. Dìde, gúnyán, kamarádì. Sìdíkù kò tíì jẹun, ohùn rẹ̀ náà kò tíì jẹun."