Kóòtù Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Kóòtù tó wà lọ́rùn mi ò ní ẹ̀yìn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò ní ẹ̀yìn! Iwájú rẹ̀ ń dán bíi ti ọ̀gá báǹkì, ẹ̀yìn rẹ̀ là gbàgà bíi fèrèsé tí wọ́n gbàgbé láti tì. Èmi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, mo ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sáré sọ bó ṣe jẹ́.

Fọ́tò ni mò ń yà. Àwọn tó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ni wọ́n ń wá yà, wọ́n á sì fẹ́ wọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní kóòtù. Ìdí nìyẹn tí kóòtù kan fi ń gbé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Mo gán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì mọ́ ọn níwájú. Oníbàárà á kàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú, màá ki kóòtù bọ̀ ọ́ bí ẹni ń so bíìbù mọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́rùn. Bó bá tín-ín-rín, màá fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há a lẹ́yìn. Bó bá sanra, màá jẹ́ kó là sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ.

Dókítà ti wọ̀ ọ́ rí. Awakọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun ti wọ̀ ọ́, ó ní òun ò bọ́ ọ mọ́. Iwájú ṣáà ni káàmẹ́rà ń wò. Ta ló ń ya ẹ̀yìn?

Ó dáa. Ọmọ tí mò ń fẹ́ wá pè mí lórí fóònù. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, torí tó bá ti rẹ́rìn-ín, mi ò nílò fíláàṣì.

"Níbo lo wà? Bàbá mi ní kó o máa bọ̀ báyìí báyìí!"

"Ṣebí ìrọ̀lẹ́ la jọ sọ?"

"Wọ́n ti yí i padà. Wọ́n ní tó ò bá dé kí àwọn tó jẹun tán, kí n lọ wá ẹlòmíì. Jọ̀ọ́, wọ kóòtù o! Bàbá mi máa ń wo aṣọ kí wọ́n tó wo èèyàn. Èyí tó wá kí wọn lọ́jọ́sí, bàtà rẹ̀ lanu díẹ̀ báyìí, wọn ò jẹ́ kó jókòó. Wọ́n ní kó lọ bọ́ bàtà rẹ̀ lóúnjẹ."

Mo sọ fóònù sílẹ̀.

Ẹ ò mọ bàbá yìí ni. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Tí wọ́n bá kígbe "Bíréèkì!" nínú ọkọ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an á dúró. Ajá á dúró. Mo gbọ́ pé òjò pàápàá dúró lọ́jọ́ kan.

Mi ò ní kóòtù tara mi, ṣẹ́ẹ̀tì gidi kan ṣoṣo ni mo ní. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, mo sáré lọ bọ́jú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo ń nu ojú ni mo gbọ́ òórùn.

Yéè!

Ṣẹ́ẹ̀tì ti lu. Ihò tó wà láyà rẹ̀, orí mi lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo gbójú sókè, kóòtù ṣọ́ọ̀bù ń wò mí látorí ìṣó.

Mo ní, "Àbí iwájú kọ́ ni wọ́n máa wò ni?"

Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i nìyẹn o. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo yí ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi pẹ́ẹ̀gì kan há a lọ́rùn, mo fi ọ̀kan há a nídìí. Mo gbé báàgì káàmẹ́rà kọ́ ẹ̀yìn, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wo dígí. Ọkọ ìyàwó! Mo bọ́ sí títì, mo ń sáré.

Màmá Eyínfúnjowó ló ṣílẹ̀kùn.

"Áà, káàbọ̀, ọkọ ọmọ mi! Kí ló dé tó o gbé ẹrù sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé? Gbé e wá."

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Ó fúyẹ́."

"Gbé e wá, jàre!"

"Mà, ó ti mọ́ mi lára."

"Ṣé o fẹ́ kí bàbá ní mi ò gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò ni?"

Wọ́n fà á. Mo fà á. Wọ́n tún fà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yìí lágbára! Báàgì bọ́.

Fììì! Atẹ́gùn kí ẹ̀yìn mi káàbọ̀.

Ni mo bá lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn títí mo fi wọ pálọ̀. Bàbá wà nídìí tábìlì, wọ́n ń jẹun, ikùn wọn ti dé ibi oúnjẹ ṣáájú wọn. Mo ní kí n tẹríba kí n kí wọn, ni pẹ́ẹ̀gì ìdí bá ṣe "ké-é-é". Mo mọ̀ pé tí n bá tẹ̀ báyìí, ó parí.

Mo na ẹ̀yìn gbọnrangandan. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí orúnkún.

Gbì!

Bàbá dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé ọkùnrin lẹ ní ó ń bọ̀ àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni, sà," èmi fúnra mi ló dáhùn.

"Ọkùnrin wo ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn?"

"Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín ló pọ̀ jù, sà. Ó ti kọjá ti ọkùnrin."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ẹ̀ rí ọmọ gidi!"

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n wo táì. Wọ́n wo kọ́là. Ojú wọn rọ̀ díẹ̀.

"Kóòtù yìí dáa. Ta ló rán an?"

"Télọ̀ kan ni, sà."

"Ó mọṣẹ́."

"Ó mọ iwájú dáadáa, sà."

Eyínfúnjowó yọjú láti kíṣìnnì, ó ń fi ojú bi mí pé kí ló dé tí mo ń làágùn bẹ́ẹ̀. Mo fi ojú dá a lóhùn pé kó máa gbàdúrà.

Bàbá ní, "Dìde. Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn."

Àga tí wọ́n nàka sí wà lódìkejì pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí n bá kọjú sí i, ẹ̀yìn mi á kọ sí bàbá. Mo rò ó. Mo tún un rò. Ni mo bá kọjú sí wọn, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀.

"Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mò ń lọ jókòó, sà."

"Rìfáàsì lo fi ń lọ?"

"Mi ò lè kọ ẹ̀yìn sí àgbà, sà."

"Háà!" Bàbá lu tábìlì. "Ìyá ọmọ mi, ṣé ẹ gbọ́? Àwọn tí mò ń kọ́ ní mọ́tò, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń kọ sí mi! Ọmọ yìí ti gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá."

Inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí pé tábìlì kékeré kan wà láàárín pálọ̀.

Gbàgà! Mo kọsẹ̀, pẹ́ẹ̀gì ìdí já.

Tá! Ó fò. Ó gba òkè lọ. Ó já sínú kọ́ọ̀bù omi bàbá.

Tọ́ọ́ì!

Bàbá ki ìka méjì bọ inú omi, wọ́n yọ ọ́ jáde.

"Kí nìyí?"

Màmá ní, "Pẹ́ẹ̀gì ni."

"Mo rí i pé pẹ́ẹ̀gì ni. Níbo ló ti wá?"

Gbogbo wa gbójú sókè wo àjà. Èmi gan-an wò ó. Mo tilẹ̀ nàka sí ibì kan lókè.

Mo jókòó, mo fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àga. Òógùn ń kán lára mi, tó, tó, tó.

Bàbá ní, "Òoru ń mú ẹ. Bọ́ kóòtù, kára tù ẹ́."

"Òtútù ló ń mú mi, sà."

"Òtútù wo ló ń làágùn?"

"Irú tèmi ni, sà."

Màmá ti dìde. "Ibà ni! Ibà ló mú ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan ara rẹ̀."

"Mà, ẹ má ṣèyọnu!"

"Dákẹ́!"

Wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn mi. Ó yẹ kí ọwọ́ wọn ba kóòtù. Ó yẹ kó ba ṣẹ́ẹ̀tì. Ihò inú síńgílẹ́ẹ̀tì mi ló bá, ó gba ibẹ̀ bá mi lára.

"Yéè! Bàbá ọmọ mi! Aṣọ ọmọ yìí ti jẹrà lẹ́yìn!"

Bàbá ta kìjí dìde. "Dìde! Yípo!"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́…"

"Yípo, mo ní! Kí awakọ̀ tó gbéra, ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ wò!"

Mo yípo.

Eṣinṣin kan tó ń fò dúró.

Ẹnu mi bá já. "Kóòtù ṣọ́ọ̀bù ni, sà, fọ́tò ni mo fi ń yà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù ló jó ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín dénú egungun, ẹ má wulẹ̀ lé mi, sà, mo ti ń lọ, ẹ wò mí, mo ti dé ẹnu ọ̀nà!"

"Bíréèkì!"

Mo dúró gbagidi.

"Bọ́ kóòtù yẹn fún mi."

Mo bọ́ ọ. Bàbá gbé e sókè, wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọjú wo màmá. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́, o ní?"

"Gbogbo èèyàn, sà."

"Títí kan ẹni tó sanra?"

"Títí kan ẹni tó sanra, sà."

"Tó sanra dé ibo?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé, sà."

Màmá rọra sọ sí mi létí pé láti ìgbà tí àwọn ti bí àbíkẹ́yìn àwọn, kò sí bọ́tìnnì kan láyé tó tíì yí ikùn bàbá ká. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ẹlòmíì fi ń bí wọn nínú.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Mo ki kóòtù bọ̀ wọ́n. Mo fa bọ́tìnnì. Mo dìmú. Mo mí kanlẹ̀.

Ó wọlé!

Bàbá wo ikùn wọn. Wọ́n sáré lọ sídìí dígí, ilé ń mì tìtì.

"Ìyá ọmọ mi! Bọ́tìnnì ti wọlé! Bọ́tìnnì wọlé o!"

Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀yìn bàbá là bí odò tó ya bèbè! Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rù sì ń bà mí láti rín in. Mo bu ètè jẹ. Eyínfúnjowó ti ki orí bọ inú àpò ìrẹsì, àpò ń mì.

Kí á tó ṣẹ́jú, bàbá ti bọ́ síta. Wọ́n gba iwájú gbogbo ilé tó wà ládùúgbò kọjá, àyà síwájú, wọ́n ń juwọ́ bí olórí ìjọba. Èmi tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo ń tẹ̀ lé wọn.

Àwọn èèyàn ń pariwo, "Bàbá! Bàbá, ẹ̀yìn yín!"

"Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé!" bàbá ń dáhùn. "Mo mọ̀ pé ó bá mi mu!"

Nígbà tí wọ́n darí dé, wọ́n gbá mi lẹ́yìn gbàù.

"Ọmọ mi, ìwọ lèèyàn. Ọjọ́ pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí. Mo ti fún ẹ lọ́mọ!"

Eyínfúnjowó fò sókè. Màmá fò sókè. Mo fò ju àwọn méjèèjì lọ. Ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ni mo rántí.

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kóòtù ńkọ́?"

"Kóòtù wo?"

"Ti ṣọ́ọ̀bù mi, sà."

Ojú bàbá yí padà.

"Mo fún ẹ ní ọmọ tí mo bí nínú mi, o tún ń béèrè kóòtù. Ojúkòkòrò rèé!"

Mo bẹ̀ wọ́n. Màmá bẹ̀ wọ́n. Eyínfúnjowó sunkún sí i. Rárá o. Èyí tí wọ́n lè gbà ṣe ò ju pé kí n ya wọ́n nínú rẹ̀, kí n gbé fọ́tò lọ, kí kóòtù dúró.

Mo yà wọ́n. Oníbàárà ti kún ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ló fẹ́ kóòtù, kò sì sí kóòtù. Ni mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Orí oníbàárà nìkan ni mò ń yà báyìí. Màá gé orí bàbá kúrò nínú fọ́tò wọn, màá gbé ti oníbàárà lé e. Ó jókòó dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Àfi obìnrin kan báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ó gba fọ́tò rẹ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó tún un wò.

"Oní-fọ́tò, orí mi nìyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èjìká ta nìyí?"

Mo ní, "Èjìká àna mi ni, mà. Ẹ rọra lò ó o, gbogbo àdúgbò la jọ ń lò ó."