Bátìrì Díákónẹ́ẹ̀sì

(Pálọ̀ Díákónẹ́ẹ̀sì Phebe, ní Iléṣà, ọ̀sán Sátidé. Ọláfúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ bímọ sí Kánádà, òní sì ni ìsọmọlórúkọ. Ìyá àgbà ni yóò pe orúkọ, lórí fídíò. Jibril, tó ń ta bátìrì fáwọn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì fáìbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òṣogbo, torí Díákónẹ́ẹ̀sì ní bátìrì tó tà fóun kò ṣiṣẹ́.)

PHEBE: Jibril, aláìgbàgbọ́ ni bátìrì rẹ yìí. Iná bá ti lọ, òun náà á kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í wọ ilé yìí. Tí mo bá pòórá lójú wọn lónìí, ìyá ọkọ Ọláfúnkẹ́ á sọ ọmọ mi ní Kilẹmẹ́ntínà, orúkọ ara rẹ̀!

JIBRIL: Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Kí lẹ ti ṣe sí i?

PHEBE: Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo ta òróró sí i lórí. Nígbà tí òróró àdúrà tán, mo bu ti ilé ìdáná.

JIBRIL: (ó ń nu bátìrì) Abájọ tó ń rùn bíi dòdò. Ẹ wò ó: ara ògiri ni bátìrì ti ń gba iná, àpótí fáìbà àti rọ́tà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ń jẹ lára bátìrì. Tí iná bá lọ, wọ́n á máa jẹ èyí tó ti tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n pa iná ilé níbi mítà, ká dán an wò.

(Ó jáde. Iná lọ. Phebe fò dìde bí ọmọge. Ó pa fíríìjì, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó pa fáànù, ó tẹ bọ́tìnnì bátìrì, ó padà jókòó.)

PHEBE: O ò rí i? Ó ti kú!

JIBRIL: (ó padà wọlé) Ìka ta ló tẹ bọ́tìnnì?

PHEBE: Ìka mi ni. Ṣé ká máa wò ó ni? Tí wọ́n bá dá iná padà lójijì ńkọ́? Bí fíríìjì mi àkọ́kọ́ ṣe dún gbàù nìyẹn, tí ẹja tútù inú rẹ̀ di yíyan!

JIBRIL: Ẹ pa fíríìjì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí iná bá lọ niṣẹ́ bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ ń lé alágbàṣe lọ sílé nígbà tó gbé ọkọ́.

PHEBE: Mo ti gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́.

JIBRIL: Ó yá, ẹ jókòó lé e.

PHEBE: Lé kí ni?

JIBRIL: Lé ọwọ́ yín. Àwọn òṣómàáló bàbá yín lóṣòó níwájú onígbèsè títí wọ́n fi gba owó wọn. Tiyín ò tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀.

(Phebe jókòó lé ọwọ́ méjèèjì. Jibril lọ tan iná padà, ó sì wọlé.)

PHEBE: Jibril, ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́, tó tún ra bátìrì, ṣé ó gbà á gbọ́ tán?

JIBRIL: Mọ́mì, èmi tí mò ń tà á, mo ṣì ń sọ pé in ṣáà Allāhù kí n tó tàn án.

PHEBE: Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀.

(Fóònù dún. Ojú ọmọ jòjòló yọ.)

PHEBE: Gbé e sún mọ́ mi, n ò lè yọwọ́! Yéè, ọmọ mi! Wo iwájú orí bàbá rẹ̀! Lórúkọ Jésù, orúkọ rẹ yóò máa jẹ́...

(Wọ́n mú iná lọ ní tòótọ́. Phebe tẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kò dìde. Jibril ló fò: ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó pa fáànù, ó tẹ bọ́tìnnì bátìrì. Ojú ọmọ dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu ní yíyà.)

PHEBE: Jibril!

JIBRIL: Astagfirullah! Mọ́mì, ìyá mi ló fi pàṣán kọ́ mi láti máa pa gbogbo nǹkan tí iná bá lọ!

PHEBE: Tàn án, kó tó di Kilẹmẹ́ntínà!

(Jibril tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré ara rọ́tà ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Phebe dijú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ padà dé.)

PHEBE: Àdúràgbèmí! Àdúràgbèmí! Ó ti jẹ́ ẹ!

(Àmín sọ láti Kánádà.)

JIBRIL: Mọ́mì, àdúrà ló gbè yín ni, àbí bátìrì?

(Phebe wo bátìrì. Ó wo àjà. Ó tún wo bátìrì.)

PHEBE: Jibril, jókòó lé ọwọ́ rẹ.