Ìkéde Lórí Gbénró Tó Há Sójú Òkun Nínú Sinimá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ọ̀pẹ, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó dá ìjà náà dúró ná, yóò bá a níbẹ̀ bó bá padà. Akéde yín ló dé. Kábíyèsí Olókè ló rán an. Ohun tí Kábíyèsí bá sì rán akéde, akéde kì í bù ú jẹ lójú ọ̀nà.

Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Lámídì onísinimá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó ta aṣọ funfun mọ́ ara gbọ̀ngàn ìlú, ó ní sinimá ńlá kan ti dé, ti ọkùnrin kan ṣoṣo tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sójú òkun. Ta ni ọkùnrin náà? Gbénró wa ni! Gbénró, ọmọ Ìyá Gbénró tó ń ta epo pupa ní Ìdí-Ọsàn, ẹni tó lọ ṣe eré ní Èkó, tí ọdún kẹfà rèé tó ti fojú kan ilé kẹ́yìn.

Ẹ sì rí òkun yẹn. Àwa tí a kò mọ omi kankan ju odò wa tí ewúrẹ́ ń fò kọjá! Ìgbì dìde lára ògiri gbọ̀ngàn, ó ga ju òkè wa lọ. Ìràwọ̀ wà lókè, ìràwọ̀ wà nínú omi, a kò mọ èyí tí Gbénró léfòó lé lórí. Ẹja kan tó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fò sókè, àwọn obìnrin tó jókòó níwájú sì fi ìró borí kí omi má baà ta sí wọn. Títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn aláró ń jà lórí iye ìgbà tí wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró kó tó jọ àwọ̀ omi yẹn.

Ibẹ̀ ni a wà tí ètè Gbénró fi gbẹ. Ó ti rù. Ó na ọwọ́, ó ní kí ẹnìkan jọ̀ọ́ ju okùn sí òun.

Jégédé akọpẹ dìde lẹ́yìn gbogbo wa. Ó sì ju okùn.

Igbà ọ̀pẹ rẹ̀ ni o, èyí tó ti fi ń gun ọ̀pẹ láti ọdún mọ́kànlá. Kò dé ọ̀dọ̀ Gbénró. Ẹ̀rọ Lámídì ló kọ́, ó fà á lulẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́. Òkun pòórá, Gbénró pòórá pẹ̀lú rẹ̀. Lámídì di ẹrù, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí Òṣogbo fún àtúnṣe, kò sì tíì padà.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ bá há sójú ọ̀nà, ilé kankan kì í tilẹ̀kùn títí yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn baba wa kò sọ pé àyàfi tó bá jẹ́ nínú sinimá. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ o! Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìíní. Kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí a ó fi fojú ara wa rí i pé Gbénró gúnlẹ̀. Ti yàrá, ti ilé ìdáná, ti ààfin pàápàá. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Akéde béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, a ó yọ ilẹ̀kùn náà gbé lọ sí ààfin, olúwarẹ̀ yóò sì máa wá kí i láràárọ̀.

Àṣẹ kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá níwájú ilé Ìyá Gbénró kó sọ pé eré lásán ni. Obìnrin náà mọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò fi oúnjẹ kan ẹnu, omi díẹ̀díẹ̀ ló ń mu, òní sì di Túsìdé. Olorì gbé ọbẹ̀ lọ fún un, ó dúpẹ́, ó dá a padà. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, òun kò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ètè tó gbẹ yẹn, ètè ọmọ òun ni. Ó ní abiyamọ wo ni yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé ebi ń pa ọmọ rẹ̀ lójú omi, tí yóò wá délé jókòó ti ẹ̀bà? A pe Gbénró lórí fóònù nígbà méjìlá. Obìnrin inú fóònù ni kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Ara ìyá sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Lánàá, ó fẹ́ dìde kí akéde, ó tún jókòó. Ẹ̀rù ba akéde, kò fi bò. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ẹ̀yìn aṣọ ni yóò ti wo sinimá tó ń bọ̀!

Àṣẹ kẹta. Akọpẹ kankan kò gbọdọ̀ mú igbà wá síbi sinimá mọ́. Jégédé ti rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ó ní ẹnìkan kígbe okùn, òun sì ni olókùn tó wà nítòsí, ṣé kí òun máa pàtẹ́wọ́ ni? Àwọn ìjòyè rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọn kò rí èsì. Wọ́n bá dá a lẹ́bi, nítorí kò yẹ kí ìgbìmọ̀ dìde lófo.

Àṣẹ kẹrin. Ewúrẹ́ ti jẹ àṣẹ kẹrin. Ilẹ̀kùn ààfin ló bá wọlé. Kábíyèsí kò rántí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ó rántí pé ìyà rẹ̀ le. Kí oníkálukú yáa pa á mọ́! Kí oníkálukú pa á mọ́!

Àṣẹ karùn-ún. A kò gbọdọ̀ jẹ ẹja, nítorí ẹja bá Gbénró rìn lójú òkun, kò sì gbé e mì. Wọ́n bi Kábíyèsí léèrè bóyá Títù inú páálí wà lára wọn. Kábíyèsí wo Olorì, ó wo ìkòkò tó wà lórí iná, ó ní ẹja tó ti dì gbagidi kò bá ẹnikẹ́ni rìn. Ẹ lè jẹ Títù.

Àṣẹ kẹfà. Ẹ súnmọ́ o, àṣírí ni! Lámídì pe ààfin láàárọ̀ yìí, ó sọ bí sinimá náà ṣe parí. Gbénró yè! Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwọn apẹja rí i, wọ́n gbé e gúnlẹ̀. Ó rìn dé ilé, ó kanlẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ṣí i, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, ó parí. Kábíyèsí ní kí a sọ fún Ìyá Gbénró pé ọmọ ti gúnlẹ̀, kó lè jẹun. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé obìnrin mìíràn ló ṣe ìyá nínú sinimá náà, obìnrin pupa kan láti Èkó, tó fi yẹtí góòlù setí. Kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀! Kò gbọdọ̀ dé etí rẹ̀!

Ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ìdí-Ọsàn ni akéde wà yìí. Gbogbo ìkóríta ni wọ́n ní kó ti ké e, wọn kò yọ ibí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn obìnrin náà sì wà ní ṣíṣí bí òfin ti wí. Ó ti jáde. Ó ń di ògiri mú bọ̀. Akéde bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kò bínú. Ìbéèrè kan ló bi akéde. Ó ní obìnrin yẹn, nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ òun, kí ló fún un jẹ?

Akéde ní Lámídì kò dárúkọ oúnjẹ. Ẹkún ni wọ́n sun.

Ó ní ẹkún? Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lórí omi, ọmọ dé ilé, ẹkún ló ń sun lé e lórí? Kò bu omi fún un? Kò gbé ìkòkò kaná? Ó mi orí, ó wọlé lọ.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má bínú pé agogo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Iṣu ló bẹ, ó sè é, apá rẹ̀ kò sì lè gbé ọmọ odó, akéde ló bá a gún un. Ó jókòó, ó bu òkèlè kan. Ó tún bu ìkejì. Ó jẹun o! Inú akéde dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tijú.

Àṣẹ keje. Èyí kò ti ààfin wá. Ìyá Gbénró ló pa á, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ yìí ni Kábíyèsí náà yóò ṣe gbọ́ ọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọ̀la, kó yà ní Ìdí-Ọsàn. Òun, odó, ọmọ odó àti iṣu márùn-ún ni wọ́n ń lọ. Kí Gbénró jókòó sílé, kó sì jẹ iyán tán lójú òun. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó ní sùúrù kí ọmọ jẹun tán ná. Ìyà tí Gbénró yóò jẹ bó bá kọ̀, kò sọ. Ó ní Gbénró mọ̀ ọ́n.

Ó ti tẹnu akéde jáde, ó di ti ìlú. Ẹni tó gbọ́ ọ nílé, kó gbé e dé oko. Ẹni tó bá sì mọ Gbénró ní Èkó, kó bá wa sọ fún un pé kó má jẹun láàárọ̀ ọ̀la.